Ilé Tí Ọkọ Mi Kò Rí Lọ́sàn-án

Láti ìgbà tí àkọ́bí wa ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi la ti ń gbé Mowe, síbẹ̀ ọkọ mi kò mọ bí ilé wa ṣe rí lọ́sàn-án. Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń jáde, òkùnkùn ló sì máa ń bá wọlé. Òun ló gbin igi ọsàn tó wà lẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n èmi àti àwọn ọmọ la máa ń rí i tó bá yọ òdòdó.

Kò pẹ́ tó fẹ̀yìn tì ni dókítà sọ fún un pé ojú rẹ̀ ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, àti pé èyí tó ti lọ kò ní padà.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ilé-iṣẹ́ wọn rán lọ sí Jàpáànù nígbà kan ló kọ́ ọ ní ohun tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ibẹ̀ ń pè ní Zen: kí èèyàn jókòó jẹ́ẹ́, kó máa ṣọ́ èémí ara rẹ̀, tó bá sì ń mu tíì, kó mu tíì, kí ọkàn rẹ̀ má rìn lọ síbòmíràn. Ẹ̀rù bà mí, torí díákónì ni.

"Dádì, ṣé kì í ṣe òrìṣà àwọn ẹni yẹn lẹ ń sìn?" mo bi í.

"Mi ò gbàdúrà sí ẹnikẹ́ni," ó ní. "Ibi tí mo wà ni mo kàn fẹ́ wà."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo nǹkan. Á já ewé ọsàn kan, á máa wò ó títí oúnjẹ á fi tutù. Bí mo bá ń ṣa ẹ̀wà, èmi náà ló ń wò, ojú á sì máa tì mí. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé ìgbà wo ni mo ní àpá sí ìgúnpá. Mo ní láti kékeré ni. Ó mí kanlẹ̀.

Ó fẹ́ lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Ìfọ̀, ẹni tó tọ́ ọ dàgbà. Òjò ba ọ̀nà jẹ́, lẹ́yìn náà ni ibà dá mi dùbúlẹ̀. Nígbà tí a fi máa débẹ̀, gbogbo ohun tó ń rí ti dà bíi kùrukùru.

Ó dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà."

Ìyá náà gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó. Ọkọ mi kọjú sí i, ó ń wò ó.

"Kí lò ń wò?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

"Ẹ̀yin ni."

"Ṣé ò ń rí mi?"

"Mo rí gèlè funfun tí ẹ wé."

Ìyá náà kò wé gèlè. Irun orí rẹ̀ ló funfun. Èmi àti òun wo ara wa. Ó wá mú ọwọ́ àbúrò rẹ̀, ó gbé e lé ojú ara rẹ̀, ọkọ mi sì rọra fi ìka tọ iwájú orí rẹ̀ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, ó ní, "Nígbà tí ojú mi mọ́lẹ̀ dáadáa, iṣẹ́ nìkan ni mò ń wò."

Mò ń wò ó nínú ọkọ̀ náà, kò sì mọ̀ pé mò ń wo òun.