Ọ̀rọ̀ Tí Yóò Wọ Tíṣà Rẹ́gí

Ìka ìtọ́ka ni. Ti ọwọ́ ọ̀tún, tí ọ́ìlì ti sọ èékánná rẹ̀ di dúdú. Bàbá Aláago gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, ó dá a dúró lọ́kàánkán imú ara rẹ̀, bí ẹni ń sọ pé: ẹ mú sùúrù. Awò kékeré tó fi ń wo inú aago ṣì há sí ojú òsì. Ojú ọ̀tún dì pinpin. Ìka náà kò mì.

Oníbàárà kan ló fà á. Ó wá gba aago ọwọ́ rẹ̀, ó bá obìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, tó ń ka ìwé ìròyìn, tó bọ́ bàtà sílẹ̀ bí ẹni tó wà nílé ara rẹ̀. Ó kí i. Ó yíjú sí bàbá. "Bàbá, kí ni màmá yìí jẹ́ sí yín?"

Ìka gòkè. Oníbàárà dúró. Omi tó wà lórí sítóòfù hó títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Obìnrin náà ṣí ojú ìwé kejì. Nígbà tó sú oníbàárà, ó mú aago rẹ̀, ó rọra bá tirẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá Aláago fẹsẹ̀ rìn dé ilé ọkùnrin náà, ó kan ilẹ̀kùn. "Nípa ọ̀rọ̀ tí ẹ bi mí lọ́jọ́sí," ó ní. "Mi ò tíì rí i."

Obìnrin náà ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Tíṣà. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò kó tó fẹ̀yìn tì. Opó ni. Ìyàwó Bàbá Aláago náà ti kú tipẹ́. Aago ògiri tó dákẹ́ ló kọ́kọ́ gbé Tíṣà wá sí ṣọ́ọ̀bù náà. Ara aago yá, Tíṣà kò sì dẹ́kun àtiwá. Ó ní ilé tirẹ̀, bàbá ní tirẹ̀, òpópónà méjì ló wà láàárín wọn. Bí wọ́n bá ku àwọn méjì, kò sí wàhálà. Tíṣà a pè é ní Aláago, òun náà a pè é ní Tíṣà. Ìgbà tí ẹlòmíràn bá béèrè ni ọ̀ràn ń dé.

Nítorí ọkùnrin yìí kò mọ ohun tó ń jẹ́ "ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dára." Irin tó bá fi ìwọ̀n irun orí kan tóbi ju ihò rẹ̀ lọ, á dá a padà. "Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀," a máa wí, "òun ló ń ba aago jẹ́ jù." Ó wá ń fi ọ̀rọ̀ dán Tíṣà wò bí ẹni ń fi irin dán aago wò. Ọ̀rọ̀ kan, ọ̀sẹ̀ kan.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: ọ̀rẹ́bìnrin. Onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn gbọ́ ọ, ó kù díẹ̀ kó gé etí ẹni tó ń fá lọ́wọ́. "Ọ̀rẹ́bìnrin kẹ̀, Bàbá! Ṣé ẹ̀yin méjèèjì jọ fẹ́ lọ ṣe ìdánwò àṣewọlé ni?" Ọ̀rẹ́bìnrin kò dé ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn náà: olólùfẹ́. Ó gbé e lọ sílé oògùn. "Oògùn orúnkún, ẹ jọ̀ọ́. Ti olólùfẹ́ mi ni." Ẹni tó ń tajà bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó tò sẹ́yìn gbé orin. Tíṣà tó ni orúnkún dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Aláago, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Kó kúkú máa dùn mí."

Ìyàwó ńkọ́? Tíṣà fúnra rẹ̀ ló kọ̀ ọ́. "Mo ti ṣe ìyàwó rí. Mo ṣe é dáadáa, mo gba máàkì, mo jáde."

"Àfẹ́sọ́nà ńkọ́?"

"Sọ́nà ibo? Èmi ti dé ibi tí mò ń lọ."

Bàbá Aláago kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló mú èyí tó burú wá. Ó jókòó sáàárín ṣọ́ọ̀bù, ó gbé aago ògiri tó mú wá fún àtúnṣe lé ẹsẹ̀, ó ní: "Bí kì í bá ṣe ìyàwó, àlè ni. Kò sí ìkẹta." Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ sílé, ọjọ́ mẹ́rin kò yọjú. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Irọ́ ló ń pa. Ẹni tó ti sọ ọ́ fún àìmọye ọmọ pé kò sí ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn, òun náà fẹ́ mọ ìdáhùn tirẹ̀. Kí lòun jẹ́, lójú ayé?

Aláago kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà. Ó tún aago náà ṣe, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lọ sílé fún un.

"Aago yìí mà ń sáré," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ó fi ogún ìṣẹ́jú ṣíwájú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Kó lè tètè gbé yín dé ibi tí a wà ni."

Nígbà tí àìsàn dá Aláago dùbúlẹ̀, Tíṣà dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì sì dí ẹnu ọ̀nà. "Ẹbí nìkan, mà. Kí lẹ jẹ́ sí wọn?" Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti dán wò kọjá lọ́kàn Tíṣà, kò sí èyí tó ṣeé sọ jáde.

"Ẹ gbé fọ́ọ̀mù yẹn wá fún mi," ohùn kan wí láti orí ibùsùn.

Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó kọ ọ́ kọjá àyè tí wọ́n yà síbẹ̀, ó kọ ọ́ gba etí ìwé. Nọ́ọ̀sì kà á sókè: "Ẹni tí mò ń tọ́jú ọ̀rọ̀ pamọ́ fún." Ó wojú rẹ̀. "Bàbá, ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n ní kí ẹ kọ."

"Mo mọ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wá ọ̀kan péré yẹn."

Nọ́ọ̀sì yà lẹ́nu ọ̀nà.

"Tíṣà, jókòó," Aláago ní. "Láti àárọ̀ ni mo ti ń di ọ̀rọ̀ kan mú dè ọ́. Ṣé o rí ọkùnrin ibùsùn kejì yẹn? Ó ní àfi kí dókítà kọ́kọ́ gbé ọ̀kan mì nínú oògùn náà kí òun tó lò ó. Dókítà sì gbé e mì!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi kábàámọ̀ pé òun ṣílẹ̀kùn.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Aláago kú, lọ́sàn-án gangan. Tíṣà wà níbẹ̀.

Ọmọ Aláago kan ṣoṣo, obìnrin, ló ń to ìwé ìsìnkú. Ó kọ ara rẹ̀, ó kọ àwọn ọmọ rẹ̀, ó kọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ó wá gbójú sókè wo Tíṣà. "Mà, báwo ni ká ṣe kọ yín?" Tíṣà ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀, pé kò pọn dandan. Ọwọ́ rẹ̀ ń fa etí gèlè.

Ẹ̀gbọ́n olóògbé gba gègé lọ́wọ́ ọmọ náà. Òun fúnra rẹ̀ kọ orúkọ Tíṣà sábẹ́ tirẹ̀, láìfi nǹkan kan kún un. "Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ," ó ní, "kó wá bi mí."

Kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀.

Ìlà iwájú ni Tíṣà jókòó sí lọ́jọ́ ìsìnkú. Lẹ́yìn ìsìnkú náà, ọmọ olóògbé fún un ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Tíṣà kò mọ aago tún ṣe. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ènìyàn níbẹ̀ báyìí, ní Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè.