Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Tó Gbé Ọ̀gá Jọ́ọ̀jì Délé

Abẹ́ ọkọ̀ oníbàárà kan ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Àpò, ní Àbújá, nígbà tí Ọ̀gá Jọ́ọ̀jì pè mí pé àwọn ń padà sílé pátápátá. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi níṣẹ́ mẹkáníìkì. Wọ́n ti dàgbà, etí wọn sì ti di, nítorí náà igbe ni wọ́n ń ké sínú fóònù, bí ẹni pé èmi ni kò gbọ́ràn.

"Ṣadé, lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ̀ tìrẹ ni kó o fi gbé mi dé Kàbà," wọ́n wí. "Mi ò fẹ́ wọ mọ́tò ní páàkì Jàbí. Mo fẹ́ jókòó sínú ọkọ̀ tí mo mọ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀."

Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára gan-an. Àmọ́ bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni ọkàn mi bọ́ sórí ọkọ̀ mi, torí ṣọ́ọ̀kì iwájú rẹ̀ ti kú tipẹ́, mi ò sì ráyè. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ mẹkáníìkì ló máa ń gbẹ̀yìn ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì.

Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni iṣẹ́ tèmi. Mi kì í tún ẹ́ńjìnnì ṣe, mi kì í tún iná ọkọ̀ ṣe. Gbogbo ohun tó wà láàárín táyà àti ara ọkọ̀, tí kì í jẹ́ kí kòtò ojú ọ̀nà wọ èèyàn ní ìbàdí, la ń pè ní ẹsẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì wà níbẹ̀, sípíríìnì tó yí i ká wà níbẹ̀, búùṣì onírọ́bà wà níbẹ̀, títí kan líńkéèjì tó tín-ín-rín bí eegun apá adìyẹ. Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ yìí, èmi nìkan lọmọbìnrin ní ìlà ṣọ́ọ̀bù wa. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn ọ́ìlì dúdú lórí ilẹ̀ pupa, tí mo sì gbọ́ òòlù àwọn tó ń na ara ọkọ̀, àárò ìgbà náà a máa sọ mí.

Ọ̀gá Jọ́ọ̀jì ní òfin kan. Wọn kì í fọwọ́ kan ọkọ̀ tó ń pariwo àfi tí ẹni tó ń wà á bá kọ́kọ́ pe ariwo náà. Pípe ariwo ni pé kó o fi ẹnu ara rẹ ṣe ohùn tí o gbọ́. Tí oníbàárà bá ní òun rò pé búùṣì ni, ọ̀gá á ní, "Mi ò bi yín ní ohun tó bàjẹ́. Kí lẹ gbọ́?"

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, Alàájì kan tó wọ babaríga funfun báláú ló dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú ń tì í. Ó ní, "Kai, Jọ́ọ̀jì!" Nígbà tó rí i pé ọ̀gá kò mira, ó ya ẹnu: "Gbọ̀! Gbọ̀! Gbọ̀!"

"Nínú kòtò ni, àbí lórí ọ̀dà tó tẹ́jú?"

"Nínú kòtò."

"Yauwa. Búùṣì ni."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá fi nọ́ọ̀tì fífọ̀ jẹ mí níyà títí tí ọjọ́ náà fi parí.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè ẹsẹ̀ ọkọ̀ nìyẹn. Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀ tó fúyẹ́, líńkéèjì ló sábà máa ń jẹ́. Gbọ̀ tó wúwo, ẹ lọ wo búùṣì. Kíín-kíín bíi bẹ́ẹ̀dì àtijọ́, rọ́bà ti gbẹ níbì kan. Lóde òní, orí fóònù làwọn oníbàárà ń ká ariwo sí wá fún mi. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ mi ò rí ẹni tó wọ babaríga tó ń ṣe gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀ mọ́, ó sì ń dùn mí.

Tí a bá tún ọkọ̀ ṣe tán, ọ̀gá á jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń wà á. Wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á fi àtẹ́lẹsẹ̀ lélẹ̀, wọ́n á dijú. Wọ́n ní ohun tó bá wu etí ni etí máa ń gbọ́, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀ kì í ṣojúsàájú. Tí iṣẹ́ náà kò bá dára, wọ́n á sọ̀rọ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi sú ọ. Tó bá dára, gbólóhùn kan péré ni: "Kò sọ nǹkan kan." Ọkọ̀ ni kò sọ nǹkan kan. Kò sí ìyìn mìíràn lẹ́nu wọn. Àwọn tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ ti ń gbà á, èmi ṣì ń sunkún lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó kù díẹ̀ kí n gba ìyọ̀ǹda iṣẹ́ ni mo tó gbọ́ ọ, ayọ̀ kò sì jẹ́ kí n lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Ẹ wá rí ìdí tí mi ò fi fẹ́ gbé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ délé nínú ọkọ̀ tó ń sọ̀rọ̀.

Ọkọ mi, Bàbá Fèyí, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní Jàbí. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní bíi tàwọn dókítà. Ó gbọ́ bí mo ṣe ń ráhùn pé iṣẹ́ àwọn oníbàárà kò jẹ́ kí n ráyè fún ọkọ̀ wa. Mo padà délé wa ní Kádò lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, mo bá ọkùnrin náà nínú ọgbà, gírísì dé imú rẹ̀.

"Ìyá Fèyí, sàpráìsì!" ó wí. "Mo gbàyè níbi iṣẹ́. Mo ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì méjèèjì. Mo wo fídíò rẹ̀ dáadáa, nọ́ọ̀tì kan kò sì ṣẹ́kù sílẹ̀."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án?"

"Ah-ah! Mo fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́ ni now."

Inú mi dùn, inú sì bí mi. Ìbínú ló kọ́kọ́ dé ẹnu. Mo gba kọ́kọ́rọ́, mo wa ọkọ̀ jáde. Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa títí mo fi yà síbi ọjà ẹja, níbi tí gọ́tà ti gé ọ̀nà. Nǹkan kan dún níwájú lọ́tùn-ún. Mo tún gba orí kòtò míì, kò dún mọ́. Ariwo tó ń fara pa mọ́ ló burú jù lọ nínú iṣẹ́ wa, nítorí pé jẹ́jẹ́ ni yóò máa tẹ̀ lé ọ, ọjọ́ tí ọ̀nà bá jìn ni yóò dìde.

Lọ́jọ́ Fúráìdeè, mi ò lọ sí Àpò. Mo gbé ọkọ̀ sórí jáàkì. Nọ́ọ̀tì orí ṣọ́ọ̀kì le dáadáa. Mo pààrọ̀ líńkéèjì nítorí pé mo ti ń fura sí i tẹ́lẹ̀. Mo tú bọ́ọ̀tì àwọn búùṣì, mo sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kí n tó tún wọn dì, torí búùṣì téèyàn bá dì nígbà tí táyà ṣì ń rọ̀ lókè, yóò lọ́ bí ọkọ̀ bá ti tẹ ilẹ̀, yóò sì máa ké. Mo tún lọ sọ́jà ẹja. Ó dún. Mo padà wálé, mo tún gbé e sókè. Ọkọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé sípánà lọ́wọ́, kò sọ̀rọ̀, torí mo ti sọ fún un láàárọ̀ pé kó jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ sinmi.

Nígbà tó yá, ó rọra ní, "Ìyá Fèyí, ṣebí Bàbá ò gbọ́ràn mọ́. Wọn ò ní mọ̀ now."

Mo wò ó títí. Mo ní, "Wọn ò ní gbọ́. Àmọ́ wọ́n á mọ̀." Omi ti lé ròrò sójú mi. Mo rò ó pé mo lè lọ yá ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ti sọ pé ọkọ̀ tèmi ni. Tí mo bá gbé ọkọ̀ ẹlòmíràn wá, kí ni mo fẹ́ sọ pé mo kọ́ lọ́wọ́ wọn?

Ibẹ̀ la wà tí Ọ̀gá Jọ́ọ̀jì fi wọlé pẹ̀lú ẹrù wọn, torí a ti ní kí wọ́n sùn sílé wa kí a lè tètè gbéra. "Òkun o!" wọ́n kí wa bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn ní Kàbà. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo ti ọkọ mi, wọ́n wo ọkọ̀ tó wà lórí jáàkì.

"Èwo nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń pariwo?"

Mo fẹnu sí etí wọn, mo sọ gbogbo ohun tí mo ti ṣe. Wọ́n ń mi orí. Wọ́n ní, "Ta ló pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì?"

"Bàbá Fèyí ni, sà."

"Òun náà ló kọ́kọ́ wà á?"

Ọkọ mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun wà á yí po nínú ọgbà kí n tó dé.

"Ó ti pe ariwo náà fún ọ?"

Mi ò bi í ní nǹkan kan. Inú tó ń bí mi kò jẹ́.

"Ọkọ Ṣadé, pè é," ni ọ̀gá wí.

Ọkọ mi wò mí bíi kí n gbà á sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ pè é, ẹ jọ̀ọ́." Ó fọwọ́ nu ẹnu, ó ní, "Kẹ́ẹ́ẹ́... gbọ́ìn!"

Ọ̀gá kò gbọ́ ọ. Kò sí bí wọ́n ṣe lè gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Bó ṣe ń pe kẹ́ẹ́ẹ́ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ́ bí ẹni ń fún aṣọ. Nígbà tó dé gbọ́ìn, ọwọ́ náà ṣí. Kò mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ní, "Ṣadé, o rí ọwọ́ rẹ̀? Kì í ṣe kòtò. Ó ń lọ́ ni."

Mo rí i. Ibi tí mo ti ń yà sí ọjà ẹja ni gọ́tà wà. Mo ti ń dá gọ́tà lẹ́bi, yíyà tí mo ń yà ló ń fa ariwo. A sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Ọ̀gá kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìnira, wọ́n ti ọwọ́ wọlé lẹ́yìn táyà, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé sípíríìnì. Mo yí sítíárìn títí dé òpin. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ibí ló wà. Sípíríìnì kò jókòó sílé ara rẹ̀."

Ẹsẹ̀ sípíríìnì ní ibi tó yẹ kó gúnlẹ̀ sí lórí àwo ṣọ́ọ̀kì, kòtò kékeré kan ni. Ọkọ mi gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kòtò náà. Bí a bá ti yí sítíárìn, sípíríìnì á lọ́, á lọ́, á wá fò padà. Ká ní a gbé e gba ọ̀nà Kàbà bẹ́ẹ̀, mi ò fẹ́ ro ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀.

Mo ti ń kó sípánà jọ. Ọ̀gá ní, "Fi sílẹ̀. Jẹ́ kí ọkọ rẹ parí iṣẹ́ rẹ̀." Wọ́n jókòó sórí àpótí ìdáná mi, wọ́n ń tọ́ka fún un bó ṣe máa fi irin de sípíríìnì kó tó tú nọ́ọ̀tì orí rẹ̀, torí sípíríìnì tí a kò dè lè ṣe èèyàn léṣe. Mo nawọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbá mi lọ́wọ́ bí ìgbà tí mo jẹ́ ọmọṣẹ́. Ó dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ní kí ọkọ mi wa ọkọ̀. Èmi àti ẹrù ni a jókòó sẹ́yìn. A ò tíì kúrò ní Àbújá tí wọ́n fi bọ́ bàtà. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀, wọ́n dijú. A kọjá Gwagwaládà, a kọjá Lọ́kọ́ja, a bọ́ sójú ọ̀nà tí àwọn tírélà ti fọ́ yángá. Èmi ń wo ẹ̀yìn orí wọn nìkan, mo sì mọ̀ pé wọn ò sùn.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn ní Kàbà, wọ́n wọ bàtà, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n yí ọkọ̀ po díẹ̀díẹ̀. Wọ́n wá gbé ọwọ́ lé ọkọ mi léjìká.

"Kò sọ nǹkan kan," wọ́n wí, wọ́n sì wọlé lọ bá àwọn ẹbí wọn.

Ọkọ mi yíjú sí mi, ojú rẹ̀ fà ro. "Kí ni kò sọ nǹkan kan? Ṣé Bàbá ń bínú sí mi ni?"

Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín, àfi bí omi ṣe ń dà lójú mi. Gbólóhùn tí mo fi ọ̀pọ̀ ẹkún wá, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni ọkùnrin yìí fi gbà á, kò sì mọ ohun tí wọ́n fún un. Mo jowú díẹ̀, kí n má purọ́. Inú mi sì dùn ju ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ fún èmi fúnra mi lọ.

Bí a ṣe ń padà, mo bọ́ síwájú, mo ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Ó na ọwọ́ sí rédíò, mo ní kó fi sílẹ̀. Mo bọ́ bàtà mi, mo gbé ẹsẹ̀ lélẹ̀, mo dijú títí a fi dé Kádò.