Bọ́ọ̀lù Tó Wà Lókè

Òórùn eérú ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìlobù. Kì í ṣe eérú gbígbóná ìdí ààrò, bí kò ṣe èyí tí ìrì ti rin gbingbin lórí pápá ilé ẹ̀kọ́ wa. A kò ní ẹfun, nítorí náà olúkúlùkù ń gbé eérú ìdáná ìyá rẹ̀ wá nínú agolo mílíìkì, Tíṣà a sì fi fa ìlà pápá fọ́líbọ́ọ̀lù kí agogo tó lù. Ìyá mi, tó ń ránṣọ, ló rán etí àwọ̀n wa. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà lásìkò náà, tí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ gba gbogbo ọkàn yín, ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa fún yín.

Ọmọ Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni Tíṣà. Kẹ̀kẹ́ ló ń gùn wá lójoojúmọ́, ìwé kan sì wà nínú àpò rẹ̀ tí kì í fi sílẹ̀. Ìtàn ẹgbẹ́ fọ́líbọ́ọ̀lù ọkùnrin ilẹ̀ Nàìjíríà ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó rí nínú ìwé ìròyìn, ó gé e, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Èyí tí kò rí gé, ó fọwọ́ kọ ọ́. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni rédíò máa ń sọ ṣáá. Tó bá kù díẹ̀ kí ìròyìn eré ìdárayá parí ni wọ́n tó ń sọ gbólóhùn kan péré nípa àwọn tiwa. Gbólóhùn yẹn ni Tíṣà ń dúró dè. Á kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni ń kọ ìwé ìhágún.

Kí a tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, a ó tò sórí ìlà, á sì ka ojú ewé kan fún wa. Ibẹ̀ la ti gbọ́ nípa àwọn ọkùnrin tó ń gbá a lórí iyanrìn kí wọ́n tó rí gbọ̀ngán. Tíṣà ní ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa níhìn-ín, orílẹ̀-èdè tó bá pàdé wọn á làágùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kan Íjíbítì, Tùnísíà tàbí Àlùjíríà, iṣẹ́ dé nìyẹn. Wọ́n á lọ, wọ́n á fìdí rẹmi, wọ́n á padà wálé. Ọdún á yí po, wọ́n á tún lọ. Lọ́jọ́ tí rédíò sọ pé wọ́n gba sẹ́ẹ̀tì kan, ìyẹn abala kan nínú eré, lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wọ̀nyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tiwa ló pàdánù, Tíṣà ra búrẹ́dì fún gbogbo wa. Mo délé, mo ròyìn. Ìyá mi ò gbójú kúrò lára máṣíìnì rẹ̀. "Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà," ló wí. Mo sì pinnu pé lọ́jọ́ kan, èmi náà á wà lára imú yẹn.

Mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ọ̀nà sì fẹ́ là. Ọkùnrin kan ń bọ̀ láti Òṣogbo wá wo ìdíje àwa àti ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìfọ́n, yóò sì mú ọmọ méjì lọ síbi ìgbaradì ìpínlẹ̀. Mo fẹ́ lọ débi pé oúnjẹ ò wọlé sí mi lẹ́nu mọ́. Bí mo bá ti jí, mo ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri ilé títí amọ̀ fi ń já lára rẹ̀. Bàbá Àgbà, tó bí bàbá mi, a máa jókòó wò mí. Kì í wá sí pápá wa. Ìjà ilẹ̀ oko tó wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n dùn ún wọra, kò sì fẹ́ fojú rí ọmọ Ìfọ́n tó ń kọ́ wa.

Ọjọ́ pé. Pápá wa la ti gbá a. A gba sẹ́ẹ̀tì kìíní, wọ́n gba ìkejì. Nínú ìkẹta, àmì kan péré ló kù kí wọ́n borí, bí a bá sì gba èyí tó ń bọ̀ a ó bá wọn dọ́gba. Ọmọ Ìfọ́n kan na bọ́ọ̀lù sókè réré, ó sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi tààrà. Mo ti tẹ orúnkún, mo ti na apá. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn kan létí ìlà: "Ẹ kú eré o." Bàbá Àgbà ni, tòun ti ọ̀pá rẹ̀.

Ara mi ò bi mí léèrè. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ káàsán, bàbá." Bọ́ọ̀lù já lé mi lẹ́yìn, ó yí lọ. Àwọn àgbà ìlú ń yìn mí pé ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni mí. Àwọn ará Ìfọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń jó. Ọkùnrin Òṣogbo kọ orúkọ ọmọ méjì mìíràn, ó bá tirẹ̀ lọ. Ojú tì mí, mi ò fẹ́ kúrò nílẹ̀ mọ́.

"Dìde," ni Tíṣà wí. "Wọ́n ti na àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Nàìjíríà inú ìwé mi ju báyìí lọ. Ta ni nínú wọn tó sùn síbẹ̀?"

Kílẹ̀ tó ṣú, àwọn kan ti ń kùn pé Tíṣà, ọmọ Ìfọ́n, ti tà wá fún àwọn ará ilé rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní ara mi ò yá. Ìyá mi ká aṣọ ìbora kúrò lára mi. Mo lọ. Bàbá Àgbà ti ṣáájú mi débẹ̀. Tíṣà dọ̀bálẹ̀ kí i, bàbá sì dá a lóhùn. Mi ò rí irú rẹ̀ rí.

"Èmi ni mo pàdánù bọ́ọ̀lù àná," ni Bàbá Àgbà wí fún gbogbo wa. "Kí ẹnikẹ́ni má dì í ru olùkọ́ yìí." Ó wá yíjú sí mi. "Àjàní, bí bọ́ọ̀lù bá wà lókè, má kí mi. N ó dúró. Tó bá balẹ̀ tán, kí o wá kí mi dáadáa."

Mo sunkún. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó ná àgbà Ìlobù láti sọ fún ọmọdé pé kó má kí òun. Láti ọjọ́ náà, á dúró lẹ́yìn ìlà títí bọ́ọ̀lù á fi balẹ̀, á wá wúkọ́, gbogbo wa á sì dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú mi lọ sí Òṣogbo. Mo ṣe é tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n gíga mi ò tó, mi ò sì dé ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè.

Iṣẹ́ ìjọba ni mo ń ṣe báyìí. Àìmọye ìgbà ni mo ti dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá nígbà tí bọ́ọ̀lù tèmi wà lókè. Mo fẹ́ kàwé sí i, ọ̀gá pè, mo fi í sílẹ̀. Mo fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọdé ní fọ́líbọ́ọ̀lù, ọ̀gá tún pè. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Ọdún tó kọjá ni mo tó ra àwọ̀n, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa láàárọ̀ Sátidé, ọmọ Ìlobù, ọmọ Ìfọ́n, ẹni tó bá ti wá. Fóònù á dún lápò mi títí á fi dákẹ́. Mo ń pe ọ̀gá padà bí a bá ṣe tán. Síbẹ̀, bí mo bá fi ara mi wé ọmọ ọdún mẹ́tàlá yẹn, ó jù mí lọ. Òun ṣubú, ó sì padà sórí pápá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ọdún méjìlélógún ló gba èmi kí n tó padà sórí pápá.