Eyín Ẹ̀gbá àti Eyín Lọ́ńdọ̀nù

Òórùn kànáfùrù ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn eyín kan ní Stafford, lẹ́bàá Houston, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọbìnrin mi ni mo mú lọ, kí wọ́n lè fi wáyà to eyín rẹ̀. Bí a ṣe jókòó tí à ń dúró, ó ń wo fóònù rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì yíjú sí mi. "Mọ́mì, ṣé òótọ́ ni pé gbogbo ará Ìlú Ọba ni eyín wọn bàjẹ́?" Mo fẹ́ dá a lóhùn, ṣùgbọ́n òórùn yẹn ti gbé mi padà sí ìgbà tí mo wà ní kékeré. Ohun tí mo sọ fún un nígbà tí a ń padà lọ sílé ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin náà.

Láàárín àwọn ọdún 1990, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni à ń gbé nínú apáátímẹ́ǹtì kan ní Brays Oaks, ní Houston. Irin ni àtẹ̀gùn rẹ̀, tí oòrùn bá sì ti mú un, kò ṣe é fọwọ́ dì mú. Omi ẹ̀rọ amúlétutù máa ń kán sórí òdòdó ará ìsàlẹ̀, àwọn ọmọ Mẹ́síkò ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín mọ́tò, òórùn ẹran tí ìyá wọn ń yan àti òórùn ata díndín wa á sì máa bá ara wọn jìjàkadì lójú afẹ́fẹ́.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ti Abẹ́òkúta wá lọ́dún náà láti bá màmá mi tọ́jú àbúrò mi tó jẹ́ ìkókó. Tí wọ́n bá kírun àárọ̀ tán, wọ́n á gbé àga jáde síta, wọ́n á máa rún pákò Ìjẹ̀bú tí wọ́n dì wá láti ilé, wọ́n á sì máa wo àwọn tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́. Ará ìsàlẹ̀ wa, obìnrin òyìnbó kan tó láàánú púpọ̀, rò pé ebi ló ń mú ìyá arúgbó jẹ igi. Ó gbé àwo oúnjẹ wá. Ìyá àgbà gbà á, wọ́n súre fún un ní Yorùbá, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì padà sídìí pákò wọn.

Bàbá mi ò rí dókítà eyín rí, ó sì ń fi í yangàn. "Irin ni eyín Ẹ̀gbá," á wí. "Ẹ wo Màámi. Ta ló gbọ́ ọ rí pé eyín ń dùn wọ́n?" Ìyá àgbà á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, eyín iwájú wọn á máa dán.

Ọdún yẹn náà ni Dúpẹ́, ọmọ ọdún mẹ́wàá kan, dé. Yorùbá ni òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbé màmá rẹ̀ wá sí Houston, ilé tó kọjú sí tiwa ni wọ́n sì ń gbé. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Eyín iwájú rẹ̀ kan gun èkejì díẹ̀, bí ọmọ tó fara ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èmi ò tilẹ̀ kíyè sí i, títí a fi dé ilé ìwé.

Bí àwọn ọmọ kíláàsì ṣe gbọ́ pé Lọ́ńdọ̀nù ló ti wá ni ọ̀kan nínú wọn pariwo pé, "Eyín gẹ̀ẹ́sì! Ya ẹnu ká wò ó!" Orí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti kọ́ ọ pé eyín ará Ìlú Ọba máa ń bàjẹ́. Dúpẹ́ ní Yorùbá lòun. Wọ́n ní rárá, irọ́ ni, eyín àwọn ará Áfíríkà kì í rí bẹ́ẹ̀, ó máa ń funfun, ó sì máa ń le. Wọ́n nawọ́ sí mi: "Wo tirẹ̀." Bí wọ́n ṣe pín ọ̀rẹ́ mi sí ìlú méjì nìyẹn, tí ìlú kankan ò sì gbà á. Láti ọjọ́ náà, Dúpẹ́ ò rẹ́rìn-ín mọ́ láìfi ọwọ́ bo ẹnu.

Ohun tí ẹnì kankan ò mọ̀ nílé ìwé ni pé eyín ńlá kan ń dùn mí lẹ́yìn ẹnu. Súìtì ni wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù tó wà létí ilé wa, oríṣiríṣi, pupa, búlúù, èyí tó kan gógó àti èyí tó ń lẹ̀ mọ́ eyín. Gbogbo owó tí àlejò bá fún mi, ibẹ̀ ló ń lọ. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, mo sọ fún bàbá mi. Ó yà á lẹ́nu gan-an. "Eyín kẹ̀? Nínú ilé yìí? Lọ fi omi iyọ̀ yọ ẹnu rẹ." Ìyá àgbà fi kànáfùrù há a fún mi, ó rọlẹ̀ díẹ̀, ó tún padà wá. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo jí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti wú bíi búrẹ́dì, ara mi sì ń jó bí iná.

Màmá mi wà lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá mi ń wá oògùn ibà. Dúpẹ́ wá pè mí láti ṣeré, ó wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan. Ó yí padà, ó sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, ó sì fa màmá rẹ̀ wá lọ́wọ́.

Ìyá náà kúnlẹ̀ kí Ìyá àgbà, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó dìde. "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kì í ṣe ibà. Eyín ni, ó sì ti ń ràn wọ inú ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa lọ báyìí."

"Eyín Ẹ̀gbá..." Bàbá mi fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, sà."

Gbogbo wa la kó sínú mọ́tò, Ìyá àgbà gbé ìkókó sẹ́sẹ̀, Dúpẹ́ di ọwọ́ mi mú. Dókítà eyín náà jẹ́ obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ti ń dàgbà, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Ó fún mi lábẹ́rẹ́, ó sì yọ eyín náà. Ó ní ká dúpẹ́ pé a ò dúró di ọjọ́ kejì. Bó ṣe ṣe tán, ó rí Dúpẹ́ tó fọwọ́ bo ẹnu, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kóun wo tirẹ̀. Ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. "Kò sí ihò kankan," ó wí. "Ẹnu yìí ló dára jù lọ tí mo rí lọ́sẹ̀ yìí."

Bàbá mi wo eyín mi tó wà nínú àwo, ó wo Dúpẹ́. "Dókítà, mo rò pé àwọn ará Ìlú Ọba ni eyín wọn ń bàjẹ́, pé tiwa ló le?"

Obìnrin náà jókòó. Ó ní ní Ìlú Ọba lọ́hùn-ún, tí eyín bá ti lè jẹun, tí kò sì dunni, wọn kì í da ara wọn láàmú pé ó wọ́. Àmọ́ ní Amẹ́ríkà níbí, àwọn olówó máa ń to eyín ọmọ wọn, irú ẹnu bẹ́ẹ̀ nìkan ni tẹlifíṣọ̀n sì ń fi hàn, títí gbogbo èèyàn fi gbà pé bí Ọlọ́run ṣe dá eyín nìyẹn. Ẹni tí tirẹ̀ bá wọ́, wọ́n á ní ó ti jẹrà. Ó wá fi kún un pé, "Ìyá tó bí ìyá àgbà mi, wọ́n tà á lọ́jà ẹrú ní Lùìsíánà. Wọ́n la ẹnu rẹ̀ wò kí wọ́n tó rà á, bí ẹni ń wo ẹnu ẹṣin. Ọ̀rọ̀ pé eyín wa le yìí, díẹ̀ nínú rẹ̀ ti ọjà yẹn wá. Nítorí náà, tí wọ́n bá fi yìn mí, n kì í yára dúpẹ́."

Bàbá mi túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá àgbà, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Ìyá àgbà mi orí. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ìkókó fún bàbá mi, wọ́n fi ìka fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn sẹ́yìn, wọ́n sì ya ẹnu gbàgà. Lẹ́yìn àwọn eyín iwájú tó ń dán yẹn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan kan.

"Màámi! Nígbà wo?"

"Àwọn kan ti lọ kí n tó bí ẹ. Ìwọ ló ń pè é ní irin, ṣé o wo ẹ̀yìn ẹnu mi rí? Nílé, ẹni tí eyín bá ń dùn, inú yàrá ló máa ń wà. Àwa tá a ń rẹ́rìn-ín níta ni àlejò ń rí."

Dókítà béèrè ohun tí wọ́n sọ. Nígbà tí bàbá mi túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, bàbá mi náà sì rẹ́rìn-ín. Mo rántí pé inú mi dùn, bí ẹnu mi tilẹ̀ kú tí itọ́ ń dà lẹ́nu mi.

Lọ́jọ́ tí mo padà sí ilé ìwé, ọmọ yẹn tún ní kí Dúpẹ́ ya ẹnu. Èmi ni mo ya tèmi. "Ẹ wá wo eyín Áfíríkà!" Wọ́n rọ́ wá wo ihò náà, wọ́n ń pariwo pé ó kóni nírìíra, wọ́n sì tún fẹ́ rí i sí i. Dúpẹ́ rẹ́rìn-ín tó fi di ikùn rẹ̀ mú. Ọwọ́ méjèèjì ló fi dì í.

Bàbá mi di oníwàásù eyín láti ìgbà náà. Tí a bá kírun Jímọ̀ tán, á dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí, á máa bi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ìgbà wo ni wọ́n rí dókítà eyín gbẹ̀yìn. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹnu ọ̀nà kejì jáde. Ìyá àgbà padà sílé pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tuntun, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé pákò ni wọ́n ń rún títí wọ́n fi lọ bá Olúwa wọn. Àwọn òbí Dúpẹ́ kó padà sí Lọ́ńdọ̀nù. A kọ̀wé sí ara wa fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà a kó kúrò ní Brays Oaks, àwọn náà kó, a sì pàdánù ara wa.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ti yí padà. Àwọn ọmọ wa ní dókítà eyín kí wọ́n tó ní eyín. Àwàdà àtijọ́ ti bọ́ sínú fóònù, ó sì ń rìn jìnnà ju ti ìgbà wa lọ. Ohun tí kò yí padà ni pé ó rọrùn láti mọ irú eyín tí odidi ìlú kan ní, ó sì ṣòro láti mọ̀ pé eyín ń dun ẹni tó jókòó tì ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan mọ̀ pé tèmi ń dùn mí. Ó wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì sáré. Mo ṣì wà láyé, mò ń jẹun, mo bímọ, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí rẹ̀ títí di òní.