Omi Ìyá Àgbà Nínú Ọyẹ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Kàbà, ọyẹ́ kì í fi wá ṣeré. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí: ètè á bẹ́, gìgísẹ̀ á là, àwa ọmọdé á sì máa yọ èéfín lẹ́nu bí ẹni tó ń mu sìgá, títí àgbà kan á fi gbá wa létí. Inú ọyẹ́ yẹn gan-an ni Bàbá Àgbà, bàbá tó bí bàbá mi, yàn láti fi kọ́ wa ní ìrun òru.

"Ọlọ́run fa òru gùn fún wa lásìkò yìí," ló máa ń wí. "Ẹ má fi gbogbo rẹ̀ sùn."

Ràkáà méjì péré ló fi bẹ̀rẹ̀ fún wa, kí àsùbáà tó dé. Ó ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. A máa ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín pé ẹlẹ́dẹ̀ tí Bàbá ò gbọdọ̀ jẹ ló wá ń fi pòwe ìrun. Ọmọ tó bá ṣorí kunkun lórí ẹní, omi tútù lójú ni. Tí a bá kírun tán, iṣu tó ti wà nínú eérú gbígbóná la ó bó, tí a ó fi epo àti iyọ̀ jẹ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣu ló ń jí mi, kì í sì í ṣe Bàbá. Omi ni. Ìyá Àgbà, ìyàwó rẹ̀, onígbàgbọ́ ni; ọjọ́ Ìsinmi kan kì í kọjá kó má lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Síbẹ̀, ní alaalẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, á wa ẹyín iná jọ sáàárín ààrò, á fi eérú bò ó, á gbé ìkòkò omi lé e. Eérú yẹn ní ìwọ̀n. Tó bá pọ̀ jù, iná á kú. Tó bá kéré jù, iná á jó tán kí ọ̀gànjọ́ tó pé. Tí a bá jí, omi á lọ́ wọ́ọ́rọ́, á máa gbóòórùn èéfín díẹ̀. Màá bù ú sí bútà, màá fi ṣàlùwàlá, ara mi á tú. Kí ọyẹ́ ọdún yẹn tó dé ìdajì, mo ti ń jí kí wọ́n tó pè mí. Ìyá Àgbà á gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, á kí mi látorí ẹní, "Okun o, ọmọ mi. Dárúkọ tèmi náà níbẹ̀."

Bàbá Kékeré wá dé láti Kàdúná, níbi tó lọ kọ́ kéwú. Àbúrò bàbá mi ni, àbíkẹ́yìn Ìyá Àgbà. Ìmọ̀ tó kó bọ̀ pọ̀, ọgbọ́n ló gbàgbé sọ́nà. Lálẹ́ ọjọ́ tó dé, ó bá ìyá rẹ̀ nídìí ààrò, ó béèrè ohun tó fẹ́ fi omi ṣe. Ìyá rẹ̀ sọ fún un. Bàbá Kékeré ní omi ọwọ́ kèfèrí kò yẹ àlùwàlá. Ó gbé ìkòkò náà, ó da omi inú rẹ̀ sórí iná. Eérú tú sókè, ó bo Ìyá Àgbà lójú, ó bo gèlè rẹ̀. Ọmú obìnrin yìí ló mu dàgbà o!

Bàbá Àgbà gbaná jẹ. "Omi kò ní ẹ̀sìn, ìwọ òmùgọ̀! Kí o tó mọ Ọlọ́run, omi ìyá rẹ ni mo fi ń ṣàlùwàlá bẹ̀ Ẹ́ fún ọ."

Bàbá Kékeré kò dọ̀bálẹ̀, kò tọrọ gáfárà. Ìyá Àgbà nu ojú rẹ̀, ó ní, "Wọn ò ní sọ pé èmi ni mo ba àdúrà ilé yìí jẹ́." Kò gbé omi kaná mọ́ láti ọjọ́ náà, bí Bàbá Àgbà ti bẹ̀ ẹ́ tó. Bàbá gbìyànjú fúnra rẹ̀, iná kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wá ń fi omi tútù ṣe é, òun nìkan, ó ń húkọ́. Àwa ọmọdé padà sábẹ́ aṣọ. Ohun tí mo fi ọyẹ́ kọ́, ìkòkò omi kan ló gbé e lọ.

Lónìí, gáàsì wà nílé mi, fóònù ń dún lórí ìrọ̀rí láti jí mi. Ọdọọdún ni mo ń gbìyànjú láti dìde kí ìrun òru, ọjọ́ mélòó kan ni, mo ti pa fóònù, mo ti yí ẹ̀yìn padà. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí mo bá pa á, Bàbá Kékeré ni mo máa ń bú.

Ọyẹ́ tó kọjá, ó wá sùn sílé mi. Ó ti darúgbó, eékún ń dùn ún. Lóru, ó ké pè mí pé omi tútù ò ṣeé fọwọ́ kàn. Ìyàwó ọmọ mi, ọmọ ìlú Ògìdì tó ń kọrin nínú kwáyà ṣọ́ọ̀ṣì, ti gbọ́ ṣáájú mi. Ó ti gbé omi kaná, ó kúnlẹ̀ fún un ní bútà. Bàbá Kékeré na ọwọ́ gbà á.

Mo ní, "Bàbá, ọwọ́ onígbàgbọ́ ló gbé omi yẹn kaná o."

Ó wo bútà, ó wò mí. Ó ṣàlùwàlá. Kò tilẹ̀ dárúkọ ìyá rẹ̀.

Mi ò dárí jì í. Ìyá rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀, èmi kọ́ ni màá bá a gba ẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ṣẹ́ kù nínú kẹ́tùlù. Mo bù ú, mo lọ sí yàrá mi, mo fi ìbínú kí ràkáà méjì, mo sì dárúkọ Ìyá Àgbà níbẹ̀.