Ojú Ìwé Tí Elvire Ń Fò

Bí ẹ bá fún Awawou lómi mu ní Ṣábẹ̀ẹ́, yóò kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ ife kó tó gbé e sẹ́nu. Kì í ṣe ìgbéraga, kì í sì í ṣe pé ó rò pé ẹ fẹ́ fún òun ní májèlé jẹ. Bí ayé ṣe kọ́ ọ ni. Àwọn tó ń ra kajú lọ́wọ́ rẹ̀ ti fi ìka ti òṣùwọ̀n rí. Àwọn tó ń bá a gbé àpò ti ki ọwọ́ bọ inú àpò rí. Kò mọ̀wé, nítorí náà ojú rẹ̀ ló sọ di akọ̀wé, ojú náà kì í sì í sùn. Ìfura loògùn àgbà ni wọ́n ń wí. Awawou lo oògùn yìí títí ó fi di oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀.

Ó ní ọgbà kajú kan lọ́nà Bessé, igi méjìlélógójì. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí igi ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Wọ́n lè fún èèyàn nílẹ̀ kó gbin iṣu, kó gbin àgbàdo, kó gbin ẹ̀pà, kò sẹ́ni tó máa bi í ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n igi, kó má dán an wò. Ẹni tó gbin igi ti fìdí múlẹ̀ nìyẹn, onílẹ̀ tó rí i tó sì dákẹ́ ti gbà fún un. Ọdún kejì tí ọkọ Awawou kú ló gbin kajú sórí ilẹ̀ tí ọkùnrin náà fi sílẹ̀, lójú mọmọ, lójú gbogbo ìdílé. Orí ló fi ń ru omi láti odò, ìgò kan fún igi kan, fún ọdún méjì gbáko. Dieudonné, àbúrò ọkọ rẹ̀, wà níbẹ̀, ó ń wò ó, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí igi so, òun náà jẹ nínú èso rẹ̀. Ó di ogún ọdún lẹ́yìn náà kí Dieudonné tó rántí pé òun lẹ́nu.

Àwọn méjì péré ló kù nílé Awawou, òun àti Elvire, ìyàwó ọmọ rẹ̀. Rachad, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ọkọ̀ àjàgbé ló pa á lọ́nà Parakú, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kò sì tíì bímọ. Gbogbo èèyàn ló rò pé bí ọ̀fọ̀ bá ti parí, Elvire á di ẹrù rẹ̀, á padà sílé bàbá rẹ̀ ní Kaboua. Kò lọ. Láàárọ̀ ó ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé, lọ́sàn-án ó ń dáná fún ìyá ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jọ́ Jímọ̀ ó ń bá ìyá náà tẹ́ ẹní ìkírun. Àdúgbò ń yìn ín. Awawou náà ń yìn ín, ṣùgbọ́n bó ti ń yìn ín ló ń bi ara rẹ̀ pé kí ni ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ń wá nílé arúgbó. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Àsìkò tí kajú bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ ni ìwé náà dé. Ọ̀rẹ́ Elvire kan ló fún un ní Kútọnu. Obìnrin ará Íńdíà kan ló kọ ìtàn ayé ara rẹ̀ sínú rẹ̀, bó ṣe di adájọ́ nígbà tí obìnrin kankan kò tíì jókòó lórí àga yẹn. Àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé náà: irun funfun, ẹ̀wù dúdú, ojú tí kò rẹ́rìn-ín. Awawou wò ó pẹ́.

“Eléyìí,” ló wí, “ẹnikẹ́ni ò lè fi òṣùwọ̀n jẹ ẹ́.”

Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá ti jókòó sábẹ́ igi máńgòrò nírọ̀lẹ́, tí Awawou ń já ọmọ kajú kúrò lára èso, Elvire á máa wo Faransé inú ìwé, á sì máa sọ ọ́ ní Yorùbá fún un. Ó ka ibi tí obìnrin náà kọ́kọ́ wọ ilé ẹjọ́, tí akọ̀wé kan bi í pé ìyàwó ta ni, ta ló ń dúró dè.

“Kí ló dá a lóhùn?”

“Ó ní òun ń dúró de ẹni tó jókòó sórí àga òun kó dìde.”

Awawou rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó nu ojú. “Ṣé ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn, àbí ìwọ lo fi kún un?”

“Ó wà níbẹ̀, Màmá.”

“Fi hàn mí.”

Elvire na ìka sórí ìlà kan. Awawou tẹjú mọ́ ọn dáadáa. Bí èèrà tó tò lọ ni gbogbo rẹ̀ rí lójú rẹ̀, síbẹ̀ ó mi orí bí ẹni tó ti yẹ̀ ẹ́ wò tó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ọjọ́ Ajé kan ni ọ̀rọ̀ náà yí padà. Elvire ń kà bọ̀, ohùn rẹ̀ já geere, àfi bó ṣe dákẹ́ lójijì. Ó ka díẹ̀ sínú, ó yọ píìnì kan nínú irun rẹ̀, ó fi há ewé méjì pọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ewé tó tẹ̀ lé e bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ó rò pé ìyá kò rí òun. Ẹni tó ti ń ṣọ́ ọwọ́ oníkajú fún ogún ọdún mọ ìgbà tí ọwọ́ bá fo nǹkan. Awawou ń já kajú rẹ̀ lọ, àyà rẹ̀ sì ń já pẹ̀lú.

Lọ́jọ́ kejì ni Dieudonné wọlé, ó jókòó, ó béèrè ara líle.

“A dúpẹ́, ọkọ mi,” Awawou wí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Dieudonné nígbà tí wọ́n gbé Awawou wọ ilé náà níyàwó. Àbúrò ọkọ, ọkọ ni. Kò pe orúkọ rẹ̀ rí láti ọjọ́ yẹn.

“Ìyá Rachad, ìwé wo ni ọmọbìnrin yìí ń kà fún yín lójoojúmọ́?”

“Ìwé adájọ́ obìnrin kan ni.”

“Ẹni tí kò lẹ́jọ́, kí ló fẹ́ fi adájọ́ ṣe?” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Mo ti rí irú wọn. Wọ́n á máa fọ abọ́, wọ́n á máa kàwé, ọjọ́ tí ẹ̀yin ò ní fura, wọ́n á fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí yín láti ilé ẹjọ́. Ní mẹ́ríì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn onílẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tètè fi ọgbà yẹn pamọ́ sábẹ́ orúkọ ìdílé, kí àjèjì má baà fọwọ́ kàn án. Màá gbé ìwé wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìka yín nìkan la fẹ́.”

Ọ̀rọ̀ yìí bá ibi tó ti ń ta Awawou tẹ́lẹ̀. Ẹjọ́ ló wà nínú ewé méjì yẹn, ó dá a lójú. Ọgbọ́n bí wọ́n ṣe ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ìyá ọkọ ló wà níbẹ̀, òun ni Elvire fi há a mọ́lẹ̀. Igi tó fi orí ru omi fún! Ó ní kí Dieudonné máa bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀.

Ṣùgbọ́n Awawou ni. Kò lè gba ọ̀rọ̀ gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò, kódà èyí tó wù ú láti gbà gbọ́. Nígbà tí Elvire lọ sílé ìwé lọ́jọ́bọ̀, ó fi ìborùn di ìwé náà, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá François, tó ta tíkẹ́ẹ̀tì reluwé fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kó tó fẹ̀yìntì.

“Ẹ ka ewé méjì yìí fún mi. Ẹ má fo nǹkan kan, ẹ má sì fi nǹkan kan kún un.”

“Ṣé ẹjọ́ dé ni?”

“Ẹ ṣáà kà á.”

Bàbá François yọ píìnì náà, ó wọ awò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. “‘Ọ̀sán ọjọ́ kan ni wọ́n gbé ọmọkùnrin mi wálé. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni. Mo bi àwọn tó gbé e wá bóyá ó ti jẹun. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo padà sórí àga mi. Àwọn èèyàn ní ọkàn mi le. Àwọn agbẹjọ́rò ń sọ̀rọ̀, n kò gbọ́ ohun kan. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo bu oúnjẹ tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí n tó rántí.’” Ó dúró. “Báyìí ló ṣe ń lọ títí dé ìsàlẹ̀, Ìyá Rachad. Ṣé kí n parí rẹ̀?”

Awawou ń ká ìborùn náà pọ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Ẹnì kan fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.”

“Kí ló kọ?”

“Ó ní, ‘Kì í ṣe fún Màmá.’”

Awawou gba píìnì náà, ó dì í mọ́ etí aṣọ rẹ̀, ó sì ní, “Ṣé ẹ̀yin àti Elvire ò ti jọ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀?” Bàbá François ní rárá. Lójú ọ̀nà ilé, Awawou yà sí ṣọ́ọ̀bù Chimène aránṣọ, ó bo gbogbo ojú ìwé mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, ó ṣí ibi tí pẹ́ńsù wà nìkan sílẹ̀, ó ní kó kà á. Chimène gé òwú lẹ́nu, ó kà á: kì í ṣe fún Màmá. Ìgbà náà ló tó jókòó sórí àga oníbàárà, tó sunkún Rachad bí ẹni pé àná ni. Ojú tún ń tì í. Odindi ọdún mẹ́ta ló ti ń ṣọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọkàn rẹ̀.

Dieudonné dé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ pẹ̀lú ìwé àti íńkì ìtẹ̀ka. Ó tẹ́ ìwé sórí àpótí, ó ṣí íńkì.

“Elvire,” Awawou pè. “Wá ka èyí fún mi.”

“Ìwé ìdílé ni,” Dieudonné wí. “Kò yẹ kí àlejò kà á.”

“Ọkọ mi, èyí tí wọ́n kọ ní Íńdíà, èèyàn mẹ́ta ló ti kà á fún mi. Èyí tí ẹ kọ ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí, kò tíì sẹ́ni tó kà á létí mi.”

Elvire nu ọwọ́, ó mú ìwé náà. “‘Èmi Awawou, opó, jẹ́rìí pé Dieudonné, àbúrò olóògbé ọkọ mi, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin igi kajú méjìlélógójì tó wà lọ́nà Bessé, àti pé...’” Ojú rẹ̀ sáré dé ìsàlẹ̀ ìwé, ó sì gbé e sílẹ̀. “Ó parí, Màmá. Èyí tó kù kò ṣe pàtàkì.”

“Má fò ó.”

Elvire gbójú sókè.

“Má fò ó, ọmọ mi. Èyí tí o fi píìnì há pàápàá, mo ti gbọ́ ọ.”

Elvire tún ìwé náà mú. Ó kà á jẹ́jẹ́. “‘Àti pé èmi opó yìí kò ní ọmọ kankan láyé tí ì bá jogún rẹ̀.’”

Gbólóhùn náà dun Awawou dénú egungun. Dieudonné ń wo ògiri. Ìyá náà na ọwọ́, ó pa ìdérí íńkì dé, ó sì pe ọkùnrin náà ní orúkọ tí kò pè fún ogójì ọdún.

“Dieudonné. Ìgò omi mélòó lo rù?”

Dieudonné gba ìwé lọ́wọ́ Elvire. Ó ká ìwé rẹ̀, ó dìde, ó bá ọ̀nà tó gbà wá lọ. Ó gbàgbé íńkì sórí àpótí.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, Awawou gbé ìwé adájọ́ náà jáde sábẹ́ igi máńgòrò. Ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó mú píìnì náà jáde, ó sì fi í há irun Elvire padà síbi tó ti yọ ọ́.

“Kà á láti ibi tí o ti fò ó,” ló wí, ó fa agbọ̀n kajú mọ́ra. “Mò ń wo ọwọ́ rẹ o.”