Tẹlifíṣọ̀n Tó Fẹ́ Gbọ́ Orúkọ Bàbá Mi

Màmá mi kì í pe orúkọ bàbá mi. Ẹ má rò pé ìjà ni o. Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn dàgbà nìyẹn, pé obìnrin kì í la ẹnu gbàgà pe orúkọ ọkọ. Orúkọ tèmi, èmi àkọ́bí, ni wọ́n fi ń pe bàbá mi. Wọ́n á kàn fi “Bàbá” síwájú rẹ̀. Bí inú wọn bá dùn gan-an, ó di “olówó orí mi.” Bí nọ́ọ̀sì bá béèrè orúkọ ọkọ wọn ní ọsibítù, èmi ni wọ́n máa ń nàka sí: “Ẹ bi ọmọ mi.” Nọ́ọ̀sì kan pòṣé lójú mi lọ́jọ́ kan, ó rò pé màmá mi ti gbàgbé orúkọ ọkọ tí wọ́n jọ dàgbà. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ fèsì, àmọ́ ẹ̀rín ni màmá mi ń rín ní tiwọn.

Ní pálọ̀ wa tó há gádígádí ní Amukòkò, àdúrà òwúrọ̀ ló ń ṣáájú ohun gbogbo. Bàbá mi á jókòó sórí àga wọn, wọ́n á tún gíláàsì ojú wọn ṣe, wọ́n á wá béèrè pé, “Ṣé a ti pé?” Kódà bí gbogbo wa bá ti jókòó tá à ń wo ara wa lójú, wọn ò ní bẹ̀rẹ̀, àfi tí màmá mi bá dáhùn, ì báà jẹ́ láti ilé ìdáná, pé, “A ti pé, sà.” Ìgbà yẹn ni orin tó lè bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí bàbá mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wáàfù, àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Kánádà ní kí n máa fi fóònù ká àdúrà náà sílẹ̀, kí òun náà lè máa bá wa ṣe é lọ́hùn-ún. Ó ṣí ṣánẹ́ẹ̀lì kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó fi orúkọ bàbá wa sọ ọ́, ibẹ̀ ló ń kó gbogbo fídíò náà sí.

Nígbà tó yá, bàbá mi kú. Ojú màmá mi, tó ti ń ṣe wọ́n tẹ́lẹ̀, wá ṣókùnkùn sí i, débi pé òjìji lásán ni wọ́n ń rí. Ilé wá dákẹ́ láàárọ̀. Ní Sọ́ńdè kan tí à ń mu ògì, màmá mi gbé síbí sílẹ̀, wọ́n ní, “Kò sẹ́ni tó ń bi mí mọ́ bóyá a ti pé.” Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn, òun ló sì jẹ́ kí n ra tẹlifíṣọ̀n ìgbàlódé, irú èyí tí èèyàn ń bá sọ̀rọ̀ tó sì ń ṣe ohun téèyàn bá ní kó ṣe.

Ẹ máa ní kí ló dé tí mi ò kúkú máa tan fídíò náà fún wọn. Ní Àpápá ni ọ́fíìsì mi wà, lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá oníbàárà gba ẹrù jáde ní wáàfù, mo sì gbọ́dọ̀ kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, kí tírélà tó dí ọ̀nà pa. Iná àdúgbò wa ní tiẹ̀ kì í dé títí n ó fi lọ. Torí náà, mo pinnu pé màmá mi á máa tan bàbá mi fúnra wọn. Ojú wọn ló ṣókùnkùn, ẹnu wọn ò ṣe nǹkan kan.

Rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n náà ní ibì kan téèyàn máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Mo já bọ́tìnì kan lára bùláòsì mi tó ti gbó, mo fi gúlù lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, kí ìka màmá mi lè máa rí i. Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe tètè mọ̀ ọ́n! Òyìnbó ni tẹlifíṣọ̀n náà ń gbọ́, èyí tí wọ́n kọ́ ní ìwé mẹ́fà sì ṣì wà lẹ́nu wọn ketekete. Wọ́n ní kó kọ orin ìsìn, ó kọ ọ́. Wọ́n ní kó dín ohùn rẹ̀ kù, ó dín in kù. Wọ́n ní kó gbé ìròyìn wá, ó gbé e wá, wọ́n sì ní kó gbé e lọ nítorí pé ìròyìn náà ò dáa. Bí wọ́n ṣe ń rán wa níṣẹ́ ní kékeré gan-an ni. Tó bá ti jẹ́ iṣẹ́ tán, wọ́n á ní, “O ṣeun, ọmọ mi.” Èmi ń jó kiri inú pálọ̀.

Ó wá kan bàbá mi.

“Mọ́mì, ẹ pe orúkọ Dádì. Orúkọ ìrìbọmi wọn àti orúkọ ìdílé, wọ́n á jáde.”

Màmá mi yọ ìka kúrò lórí bọ́tìnì. “Kí n pe orúkọ ta ni?”

Háà! Àṣé mo ti rò ó, rò ó, mo rò ó dé orí iná àti dátà, mi ò rò ó dé ibẹ̀ yẹn. Èmi tí mo ti ń gbọ́ “ẹ bi ọmọ mi” láti kékeré!

Màmá mi gbìyànjú láti gba ẹ̀yìn wọlé. Wọ́n pè é ní “Bàbá,” wọ́n fi orúkọ mi tì í, àwọn aláwàdà ló tú jáde, ọ̀kan nínú wọn wọ ṣòkòtò tó ya nídìí. “Ohùn olówó orí mi kọ́ nìyí,” ni wọ́n wí. Wọ́n ní “my husband,” obìnrin kan nínú fíìmù ń ju ẹrù ọkọ rẹ̀ síta, ó ń ṣépè. Ẹ̀rín pa mí, mo di ikùn mú. Màmá mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá tẹ bọ́tìnì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún tẹlifíṣọ̀n pé ọkùnrin tí àwọn ń wí ga, ó pupa díẹ̀, wáàfù ló ti ṣiṣẹ́, kì í jẹ ata. Tẹlifíṣọ̀n ò dúró gbọ́ tán.

Mo pe àbúrò mi. Ó ní kì í ṣe nǹkan tó le, pé òun á yí orúkọ ṣánẹ́ẹ̀lì náà padà sí nǹkan mìíràn tó máa rọrùn fún Mọ́mì. Màmá mi ń gbọ́ ọ nínú fóònù.

“Ẹ ò gbọdọ̀ dán an wò,” ni wọ́n wí. “Orúkọ tí àwọn òbí wọn fún wọn nìyẹn. Ṣé nítorí tèmi lẹ ṣe máa pa orúkọ ọkọ mi rẹ́? Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

A fi í sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá rìmóòtù nínú kọ́bọ́ọ̀dù àwo, wọ́n ti fi náílọ̀nù wé e bí ẹni wé ẹja yíyan. Ẹ wò ó, orí mi gbóná. Mo já báàgì sílẹ̀.

“Mọ́mì, ṣé orúkọ lásán ni kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn ọkọ yín?”

“Orúkọ lásán kẹ̀? Ìwọ ọmọ yìí, mójú tó ẹnu rẹ.”

Mo tọrọ àforíjì, àmọ́ èmi náà lágídí, inú wọn kúkú ni mo ti jáde. Mo jókòó tì wọ́n. Mo ní, “Ṣé ẹ ò pè é rí láyé yín ni?”

“Ẹ̀ẹ̀kan,” ni wọ́n wí. “Níwájú àlùfáà, lọ́jọ́ tí a ṣègbéyàwó. Àlùfáà ní kí n máa wí tẹ̀ lé òun. Nígbà tó kan orúkọ, ohùn mi ò jáde. Bàbá yín bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sétí mi, wọ́n ní kí n pè é sókè, àwọn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mo pè é. Láti ọjọ́ náà, ó parí.”

Mo dìde, mo lọ gbé ọbẹ̀ kaná.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, iná dé ní kùtù. Mo wà ní ilé ìdáná, mò ń din àkàrà, mo sì gbọ́ tí náílọ̀nù ń dún ní pálọ̀. Àṣé màmá mi ti fọwọ́ ara wọn yọ rìmóòtù jáde. Mo gbọ́ “Bàbá,” mo tún gbọ́ ohùn àwọn aláwàdà wọ̀nyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni aládùúgbò wa wọlé, obìnrin ará Warri kan tó ń ránṣọ ní yàrá tó kọjú sí tiwa. Asẹ́ wa ló wá dá padà. Onínúure èèyàn ni, àmọ́ kì í lè wo nǹkan kó má dá sí i.

“Mama, na Papa you dey find? Abeg, bring am. I sabi the name, e dey for that poster for gate.”

Òótọ́ ni, pósítà ìsìnkú bàbá mi ṣì wà lẹ́nu géètì, orúkọ wọn gàdàgbà gàdàgbà lára rẹ̀. Ó gba rìmóòtù, ó tẹ bọ́tìnì bùláòsì mi, ó sì fi gbogbo ohùn pe bàbá mi bí ìgbà tó ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ọjà Boundary. Orúkọ àkọ́kọ́ nìkan ló ráyè pè. Màmá mi ti já rìmóòtù gbà.

“Obìnrin wo ló ń pe ọkọ mi lórúkọ nínú ilé mi?”

“Ah! Mama, no vex o!” Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

Mo ti sáré yọ tèmi tìgbákọ. Owú ni, mo rí i gbangba lójú màmá mi, owú obìnrin lórí ọkọ tó ti kú, inú mi sì dùn láti rí i. Wọ́n tún gèlè wọn wé. Wọ́n di àga mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n yẹn. Mo sún mọ́ wọn kí n lè dì wọ́n mú.

“Fi mí sílẹ̀.”

Mo fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀ tán, wọ́n kọjú sí tẹlifíṣọ̀n. Wọn ò tíì tẹ nǹkan kan. Wọ́n ní, “Ẹ má bínú sí mi, olówó orí mi. Kì í ṣe àfojúdi. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ẹ fẹ́ gbọ́ ọ.”

Ìka wọn wá bọ́tìnì náà rí. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n pe orúkọ bàbá mi, méjèèjì, sókè, ohùn wọn ò gbọ̀n. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu wọn nìyẹn. Ó ṣàjèjì létí mi, bí orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí. Omi ń bọ́ lójú mi, àkàrà ń jóná lẹ́yìn mi, mi ò lè kúrò lójú kan.

Bàbá mi jáde. Wọ́n wà lórí àga wọn, wọ́n ń tún gíláàsì ojú wọn ṣe.

“Ṣé a ti pé?”

Nínú fídíò náà, ìsáàsùn ń dún ní ilé ìdáná, màmá mi ìgbà yẹn ò tíì fọhùn. Màmá mi tó wà lórí ìkúnlẹ̀ ò dúró dè é. Wọ́n ti dáhùn.

“A ti pé, sà.”